Plọ́gíìnì Paystack fún WooCommerce: iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ ẹ má fojú fo ibi tí wọ́n kọ “Optional” sí

Plọ́gíìnì (ètò àfikún sáìtì) Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó, tí wọ́n ṣe fún WooCommerce, ètò tó ń sọ sáìtì WordPress di ilé ìtajà, ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ wa fi ń gba owó káàdì, tíránsífà àti USSD lórí sáìtì WordPress wọn. Ọ̀fẹ́ ni, inú àkójọ plọ́gíìnì WordPress gan-an ló sì wà. Ẹni tó bá ń tajà ní náírà, tí WooCommerce sì ti wà nílẹ̀ fún un, èyí ni kó kọ́kọ́ dán wò kó tó wá òmíràn lọ. Kò wúwo, ojú ewé kan ṣoṣo sì ni gbogbo ètò rẹ̀ wà. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú bí ìròyìn owó ṣe ń padà dé ilé ìtajà. Owó lè wọ Paystack kó má hàn nínú WooCommerce. Oníbàárà á ní òun ti sanwó, á fi alẹ́ẹ̀tì hàn yín, ẹ̀yin á wo ọ́dà, “Pending payment” lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹjọ́ báńkì kọ́, ẹjọ́ Paystack náà kọ́. Webhook, ìyẹn àdírẹ́sì tí Paystack ń fi ìròyìn owó ránṣẹ́ sí lórí sáìtì yín, tí ẹnikẹ́ni kò so ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ kúrò nílẹ̀. Lórí owó tí wọ́n bá san láti inú Nàìjíríà, Paystack ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á tún yọ ₦100 lé e. Bí owó náà kò bá tó ₦2,500, wọn kì í yọ ₦100 yẹn. Bó sì ti wù kí ọjà wọ́n tó, ohun tí wọ́n ń yọ kì í kọjá ₦2,000. Nítorí náà, ọ́dà ₦2,400 yóò ná yín ní ₦36, ti ₦2,500 yóò sì ná yín ní ₦137.50. Ọgọ́rùn-ún náírà péré ló wà láàárín méjèèjì, owó iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin! Ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú tàbí yẹtí yẹ kó fi èyí sọ́kàn nígbà tó bá ń fi iye sára ọjà, kó sì rántí pé àpapọ̀ ọ́dà ni wọ́n ń wò, owó ìfiránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ́dà ₦10,000, ₦250 ni wọn yóò yọ; ọ́dà ₦50,000, ₦850. Láti bí ₦126,700 sókè, ₦2,000 náà ni. Aṣọ òkè ìgbéyàwó tó jẹ́ ₦400,000, ₦2,000. Owó iṣẹ́ tó rọrùn ni.

Káàdì òkè òkun yàtọ̀. Ìdá 3.9 àti ₦100 ni wọ́n ń yọ lórí rẹ̀, kò sì ní òpin tí kì í kọjá. Aṣọ òkè ₦400,000 yẹn kan náà, bí ẹni tó rà á bá fi káàdì báńkì London tàbí Houston san án, ₦15,700 ni yóò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí àwọn ará wa lókè òkun bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ iye ọjà. Àti pé kì í ṣe gbogbo àkáǹtì ni káàdì òkè òkun ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti béèrè fún un lọ́wọ́ Paystack.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà fẹ́ kí oníbàárà gbé owó iṣẹ́ náà. Kò burú, àmọ́ ìṣirò tí wọ́n ń lò kì í pé. Ká ní ẹ fẹ́ kí ₦20,000 gééré dé ọwọ́ yín, ẹ wá fi ₦400 kún un. Orí ₦20,400 ni Paystack yóò ti yọ ìdá tirẹ̀, ₦406 ni yóò sì lọ, náírà mẹ́fà ti sọnù. Ẹ fi ₦100 kún iye tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá fi 0.985 pín in: ₦20,100 tí a fi 0.985 pín jẹ́ ₦20,406.09, kò sì ní yẹ̀. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹ kúkú ka owó náà mọ́ iye ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tí ₦406 bá ṣàdédé yọjú sí lójú ewé ìsanwó lè pa sáìtì yín dé kó gba ọjà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ti sísopọ̀, kò le. Nínú WordPress, ẹ lọ sí Plugins, ẹ tẹ Add New, kí ẹ wá Paystack. Oríṣiríṣi ni yóò jáde nítorí àwọn kan wà fún fọ́ọ̀mù, àwọn kan wà fún ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí WooCommerce wà nínú orúkọ rẹ̀ ni tiyín. Bí ẹ bá ti gbé e sórí sáìtì tí ẹ sì ti tan án, ẹ kọjá sí WooCommerce, Settings, Payments, kí ẹ tẹ Paystack. Ẹ ṣí dashboard Paystack sínú tábù mìíràn, kí ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà API Keys & Webhooks. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin, ìyẹn àwọn kóòdù tó so sáìtì yín mọ́ Paystack, ni ẹ máa lò: pk_test_ àti sk_test_ fún ìdánwò, pk_live_ àti sk_live_ fún owó gidi. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk wà fún ibi tí wọ́n kọ Public sí, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk wà fún Secret. Owó gidi kò lè wọlé àfi bí Paystack bá ti gba ìwé okòwò yín wọlé. Ẹ má dúró dè é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìdánwò tó láti fi tún gbogbo ohun tó kù ṣe.

Bí “Invalid key” bá jáde, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Yálà ẹ ti gbé pk sí ibi sk, tàbí àlàfo kan ti tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ náà nígbà tí ẹ ń dà á kọ. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Sk_live_ kì í ṣe ohun tí à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp o. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dá owó padà fún ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, ó sì lè ka ímeèlì gbogbo ẹni tó ti ra ọjà lọ́wọ́ yín. Bí ẹni tó kọ́ sáìtì fún yín bá ti parí iṣẹ́ tó sì ti gba owó rẹ̀, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà lórí dashboard, kí ẹ fi tuntun sínú WooCommerce lójú ẹsẹ̀. Èyí àtijọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà ẹ má ṣe é nígbà tí ọjà ń lọ lọ́wọ́.

Ní òkè ojú ewé ètò plọ́gíìnì náà, gbólóhùn kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Optional”. Ó ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dára má bàa dí ìwádìí owó lọ́wọ́, kí ẹ gbé àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ibi webhook lórí Paystack. “Optional” yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á rò pé bí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n lè ṣe é.

Ọ̀nà méjì ni ìròyìn owó ń gbà padà dé ilé ìtajà. Èkíní gba orí fóònù oníbàárà: bó bá ti sanwó tán, bíráúsà rẹ̀ á padà sí sáìtì yín pẹ̀lú nọ́ńbà ìtọ́kasí, plọ́gíìnì á bi Paystack bóyá òótọ́ ni, ọ́dà á wá di “Processing”. Ó dára bí bíráúsà bá padà. Àmọ́ bátìrì lè kú. Dátà lè tán. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹni tó yan tíránsífà: ó kúrò níbẹ̀ lọ sínú áàpù báńkì rẹ̀, ó fi owó ránṣẹ́, alẹ́ẹ̀tì dé, ó sì fi fóònù sílẹ̀, kò padà sí tábù yẹn mọ́. Owó ti wọlé. WooCommerce kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀nà kejì ni webhook. Sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáìtì) Paystack fúnra rẹ̀ ló ń fi ìròyìn tí wọ́n ń pè ní charge.success ránṣẹ́ sí sáfà yín, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú fóònù ẹnikẹ́ni. Ìbuwọ́lù wà lára rẹ̀, x-paystack-signature, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sk yín ṣe ní ìlànà HMAC SHA512. Plọ́gíìnì ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń da èyí tí kò bá bára mu nù. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan kò lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa fi ìròyìn èké pé òun ti sanwó ránṣẹ́ sí yín.

Ibi tí ìsopọ̀ rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́ pọ̀ díẹ̀. Àyè méjì ni Paystack pèsè, Test Webhook URL àti Live Webhook URL, ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn. Ọ̀pọ̀ máa ń fi àdírẹ́sì sí ti ìdánwò, wọ́n á yí sáìtì sí owó gidi, wọ́n á sì gbàgbé èkejì. Ìkejì, ẹ kọ àdírẹ́sì náà bí plọ́gíìnì ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí sáìtì yín bá ń lo https pẹ̀lú www, tí ẹ wá yọ www kúrò, sáfà yóò darí ìròyìn náà síbòmíràn, ó sì lè sọnù lójú ọ̀nà. Àmì “/” tó wà ní ìparí rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ má gé e. Ìkẹta ni àwọn aṣọ́nà: plọ́gíìnì ààbò, Cloudflare tó ń dá rọ́bọ́ọ̀tì dúró, tàbí plọ́gíìnì “Coming Soon” tí ẹnì kan gbàgbé láti pa. Paystack kì í ṣe èèyàn, kò lè tẹ àpótí tí Cloudflare fi ń wádìí bóyá èèyàn ni. Ẹ sọ fún aṣọ́nà náà kó jẹ́ kí àdírẹ́sì IP mẹ́ta tí Paystack ń lò kọjá: 52.31.139.75, 52.49.173.169 àti 52.214.14.220.

Ẹ lè fi bíráúsà yẹ ọ̀nà náà wò. Ẹ lẹ àdírẹ́sì webhook mọ́ ibi tí à ń kọ àdírẹ́sì sí, kí ẹ tẹ Enter. Ojú ewé funfun tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ni ó yẹ kó jáde, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Bó bá kọ “-1”, a jẹ́ pé ẹ ṣi àdírẹ́sì náà kọ tàbí pé plọ́gíìnì kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá gbé 404 jáde, tàbí ó ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, ògiri kan náà ni ìròyìn Paystack ń forí sọ.

Ìdánwò tó péye ju èyí lọ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi plọ́gíìnì sí Test Mode, ẹ ra ohun kan, ẹ fi káàdì ìdánwò Paystack san án: 4084 0840 8408 4081, CVV 408, ọjọ́ ìparí tó bá wù yín bó bá ṣáà ti wà níwájú. Bí àmì pé owó ti wọlé bá ti yọ, ẹ pa tábù dé kó tó padà sí sáìtì yín. Ẹ mú sùúrù díẹ̀, kí ẹ wá ṣí ọ́dà náà. Bó bá ti di “Processing”, webhook yín wà láàyè. Bó bá ṣì jókòó sí “Pending payment”, ẹ padà sí ohun tí a kọ lókè.

Tí sáfà yín bá kú nígbà tí owó wọlé ńkọ́? Paystack kò ní jáwọ́. Bí sáfà yín kò bá fi 200 (àmì pé ó ti gba ìròyìn náà) dáhùn, wọ́n á tún un rán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta fún ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní wákàtí-wákàtí títí di wákàtí 72. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé sáìtì yín lè kú mọ́jú, ọ́dà á ṣì tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ibí yìí, mo kan sáárá sí wọn.

Nínú ọ́dà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa wo apá ọ̀tún níbi tí Order notes wà. Plọ́gíìnì ń kọ síbẹ̀ pé owó ti wọlé, ó sì ń kọ nọ́ńbà ìtọ́kasí tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yẹn ní àmì “_” láàárín: ohun tó ṣíwájú àmì náà ni nọ́ńbà ọ́dà yín, ohun tó tẹ̀ lé e ni àkókò. Bí ẹ bá rí 1482_ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́kasí lórí dashboard Paystack, ọ́dà 1482 ló ni owó náà, kò sí pé ẹ ń fi orúkọ wá a káàkiri. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bójú tó ìwé owó máa mọ iyì rẹ̀.

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Payment Option, Popup àti Redirect ló wà níbẹ̀. Popup ń gbé fèrèsé ìsanwó sókè lórí sáìtì yín, ó rẹwà lójú, kò sì mú oníbàárà kúrò níbi tó wà. Redirect ń gbé e lọ sí ojú ewé Paystack, ó sì ń dá a padà. Redirect ni màá mú. Popup gbára lé skrípítì tó ń wá láti js.paystack.co, àwọn plọ́gíìnì tó ń mú sáìtì yára sì fẹ́ràn láti dá irú skrípítì bẹ́ẹ̀ dúró tàbí kí wọ́n lọ́ ọ mọ́ àwọn yòókù. Oníbàárà á tẹ bọ́tìnnì, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ti inú Instagram ṣí sáìtì yín náà lè bá irú ìṣòro yìí pàdé. Bí Popup bá wù yín ṣáá, ẹ yọ js.paystack.co sọ́tọ̀ nínú plọ́gíìnì tó ń dín skrípítì kù, kí ẹ má sì jẹ́ kí káàṣì (ẹ̀dà ojú ewé tí wọ́n tọ́jú kí sáìtì lè yára) fọwọ́ kan ojú ewé cart, checkout àti my-account.

Test Mode gan-an léwu ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Káàdì ìdánwò tí a kọ lókè kì í ṣe àṣírí, inú ìwé ìtọ́sọ́nà Paystack ló wà fún gbogbo ayé. Bí ẹ bá ṣí ilé ìtajà fún èrò tí ẹ kò sì yọ àmì kúrò nínú àpótí Test Mode, ẹnikẹ́ni lè fi 4084 yẹn “ra” fóònù, ọ́dà á di “Processing”, ẹ̀yin á sì dì í fún ọlọ́kadà. Plọ́gíìnì ń kìlọ̀ fún alábòójútó nínú WordPress pé ìdánwò ṣì wà ní títàn. Ẹ má kàn tẹ ìkìlọ̀ náà kúrò lójú.

Ohun mìíràn tó ń bá plọ́gíìnì yìí jà wà nínú WooCommerce fúnra rẹ̀: Settings, Products, Inventory, Hold stock. Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n fi síbẹ̀. Bí ọ́dà tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀ bá ti pé wákàtí kan, WooCommerce á fagi lé e, á sì dá ọjà padà sórí pẹpẹ. Bí owó tíránsífà bá wá wọlé lẹ́yìn náà, webhook á jí ọ́dà náà dìde, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ti ra ọjà yẹn láàárín kan. Fún ọjà tó pọ̀ nílẹ̀, kò sí wàhálà. Fún àdìrẹ tí ẹyọ kan ṣoṣo wà nínú irú rẹ̀, ẹ gbé e sí 180.

“On hold” náà ní ìtumọ̀. Bí owó tó wọlé bá kéré sí iye ọ́dà, tàbí bí owó orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi san án bá yàtọ̀ sí ti ilé ìtajà, plọ́gíìnì á dá ọ́dà náà dúró síbẹ̀, á sì kọ ìdí rẹ̀ sínú Order notes. Ẹ kà á kí ẹ tó fi ọjà ránṣẹ́. Àwọn plọ́gíìnì tó ń pààrọ̀ iye sí dọ́là tàbí pọ́n-ùn fún àlejò ló sábà ń dá a sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé pọ́n-ùn lẹ fi ṣe owó ilé ìtajà yín pátápátá, Paystack kò tiẹ̀ ní yọjú níbi ìsanwó. Ẹ fi náírà sílẹ̀. Báńkì oníbàárà yín ní London mọ bí yóò ṣe pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti àwọn ohun tó kù tí ẹ máa so mọ́ ilé ìtajà, díẹ̀ ni mo máa sọ nítorí Paystack kọ́ ló ni wọ́n. Ímeèlì ọ́dà tó bá gba sáfà olówó pọ́ọ́kú kọjá, inú spam ló ń bọ́ sí. Plọ́gíìnì SMTP (ètò ìfiránṣẹ́ ímeèlì) pẹ̀lú Brevo, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́, pọ́ọ̀tù 587, SPF àti DKIM (àwọn àmì tó ń jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni ímeèlì náà) nínú DNS (ètò orúkọ sáìtì) yín, ó ti tó, ímeèlì 300 lójúmọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ wọn. SMS nípasẹ̀ Termii, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi SMS ránṣẹ́, ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà dnd (èyí tó ń dé orí nọ́ńbà tó ti dá SMS ìpolówó dúró) fún yín. Ọ̀nà generic kì í dé orí nọ́ńbà tó ti tan DND, kì í sì í dé orí MTN láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀.

Ẹni tó ní ilé ìtajà méjì kó ṣọ́ra. Àdírẹ́sì webhook owó gidi kan ṣoṣo ni okòwò kan lè ní lórí Paystack. Bí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ kan náà sórí sáìtì méjì, ọ̀kan á máa gbọ́ ìròyìn, èkejì á di adití. Ẹ dá okòwò kejì sílẹ̀ lábẹ́ ímeèlì kan náà tí ẹ fi ń wọlé, kó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ àti webhook tirẹ̀. Ẹni tí ọ́dà rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ́sẹ̀, tó jẹ́ pé orí WhatsApp ló ti ń tà, kò nílò gbogbo èyí rárá: Payment Page tó wà nínú dashboard Paystack, líǹkì kan ṣoṣo tó lè lẹ̀ mọ́ status rẹ̀, owó iṣẹ́ kan náà ni, kò sì sí sáfà tí yóò máa sanwó ìgbàlejò fún.